Eegun Kékeré Ìdí Àtàǹpàkò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ ibojì. Gbogbo yín lẹ gbà pé orí burúkú ló ba ọwọ́ àbúrò mi jẹ́. Irọ́ ni. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Ìgbà tí ó ń bá mi kan òrùlé ilé yìí ni. Òjò ti ń ṣú. Ó yọ̀ lórí àkàbà, ó já bọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀, wọ́n sì gbé e wá bá mi ní ọsibítù, nítorí dókítà eegun ni mí. Ó ń ṣẹ̀fẹ̀: "Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá di ọwọ́ mi, ẹ̀yin lẹ máa gun òrùlé o."

Mo yà á ní fọ́tò eegun. Eegun gígùn méjèèjì apá rẹ̀ dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n eegun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́, ọ̀kan nínú wọn sì wà nídìí àtàǹpàkò tí fọ́tò àkọ́kọ́ lè má rí bó bá sán. Ìka la fi ń wá a. Bí a bá tẹ kòtò ibẹ̀ tó dun aláìsàn, dídì la ó dì í, fọ́tò ì báà sọ pé kò ṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi fa ọwọ́ yọ, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Mo mọ̀, ẹ gbọ́, mo mọ̀. Òrùlé tó ṣí sílẹ̀ ni mò ń rò. Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Dókítà, ṣé a ò ní dì í ni?" Mo ní iṣan ló fà. Mo ní kí àbúrò mi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó kan òrùlé náà tán kí òjò tó dé. Nígbà tó ń ráhùn ìrora, mo ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Nígbà tí mo tún wò ó lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ kò dé inú eegun náà mọ́, ó ti kú. Káfíńtà tí kò lè di òòlù mú wá di ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ni mo ṣẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló lọ sí i.

Òun ló ń fún mi lómi lórí ibùsùn àìsàn yìí báyìí, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé ife. Lánàá tí òjò ń rọ̀, ó gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn: "Bọ̀dá, òrùlé yìí ò tíì jò rí." Mo mu omi náà.

Mi ò retí ìdáríjì. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó kí n tó sọ fún un.