Iná Tí Mo Gbé Wá sí Àládé

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má tíì ké Halelúyà. Ẹ̀rí kọ́ ni mo dìde láti jẹ́. Dókítà ti ní kí n máa lọ jókòó sílé, mo sì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Tinúkẹ́ ìyàwó mi, má fà mí láṣọ mọ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọdún mọ́kànlélógún ni èmi Adésànyà fi ṣọ́ ilé iná àtijọ́ etí òkun, ilé gíga tó ń tanná fáwọn ọkọ̀ ojú omi lóru. Wọ́n ní ọmọ Ìdànrè olókè ò ní bẹ̀rù àtẹ̀gùn gíga. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ló ń júwe ọ̀nà fáwọn ọkọ̀ ńlá. Àwọn tó ń ya fọ́tò nìkan ló kù tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Wàsíù tó ń mú wọn gòkè ló ní, "Bàbá, ta ló tún ń wo iná yìí? Ẹ tú bátìrì sólà rẹ̀ lọ sílé, jàre." Èmi sì mọ ẹni tó ń wò ó o! Láràárọ̀ ni Olúsànmí apẹja máa ń kí mi pé, "Bàbá Oníná, iná yín ló mú mi délé." Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ yìí, nílé wa ní Àládé níbí, nígbà ìkórè pé màá tan iná sílé Ọlọ́run. Ni mo bá tú bátìrì mẹ́rin, mo fi san ẹ̀jẹ́, ẹ sì jó yí mi ká. Iná tó ń tàn lórí yín yìí náà ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, Olúsànmí ò rí ibi tí yóò gbà wọlé nínú òkùnkùn, ọkọ̀ rẹ̀ forí sọ òkúta, ó kú. Ìbílọlá, aya rẹ̀, wá bá mi: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná tàn lálẹ́ àná?" Háà! Ìkà gbáà ni mí. Mo ní, "Ó tàn kedere. Bóyá ọkọ rẹ mutí ni." Ọkùnrin tí kì í fẹnu kan ọtí! Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Wàsíù pariwo pé olè ti jí bátìrì, àwọn ọ̀gá fi bátìrì tuntun síbẹ̀. Àwọn apẹja ṣì ń fi iná náà wálé dòní. Àwọn ọmọ Olúsànmí ńkọ́? Ọmọ ọ̀mùtí ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá sọ fún yín pé iṣẹ́ yín ò wúlò mọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń lò ó.

Wòlíì, ẹ má tíì gbàdúrà ìwòsàn fún mi. Mọ́tò ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ gbé mi lọ bá Ìbílọlá lọ́la, kí n tó kú, kí àwọn ọmọ yẹn gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé bàbá wọn ò mutí.