Ìlú Góòlù Tí Bàbá Mufu Fẹ́ Tìtorí Rẹ̀ Ta Ilé Wa

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ń ru omi láti Pẹ́dírò dé ilé wa ní Bàrígà níbí láì mí hẹlẹ… ẹ gbọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo lágbára nígbà yẹn. Àwọn ṣójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni. Gbogbo èèyàn ní ayé ti dẹ̀. Ẹni tí kò rí oúnjẹ alẹ́ jẹ náà ń sọ pé òun fẹ́ kọ́lé. Bàbá yín àgbà, Bàbá Mufu, tiwọn ló wá burú jù.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Ṣómólú. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà tòní o. Ẹ̀rọ tó ń dún gbàù gbàù ni, tí íǹkì rẹ̀ kì í kúrò ní èékánná. Ọkùnrin kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó wọ súùtù nínú oòrùn ọ̀sán. Ó ní òun ń ta ilẹ̀ ní ìlú kan lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, àwọn ará ibẹ̀ ò ṣẹ̀ mí. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun tẹ ìwé ìléwọ́ tí òun máa pín: pé ìlú náà ń dàgbà, pé atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, pé omi ń já bọ́ látorí àpáta, pé àlejò tó bá lọ gbafẹ́ níbẹ̀ kì í fẹ́ padà sílé mọ́. Ẹni tó bá sì ra ilẹ̀, bó ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni góòlù lè yọ sí i.

Kò mú àwòrán kankan wá. Ó ní kí Bàbá Mufu wá nǹkan tó dáa fi sí i. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ṣómólú nígbà yẹn? Wọ́n á ṣí àpótí kàlẹ́ńdà àtijọ́, wọ́n á gé èyí tó bá wù wọ́n. Mo wà níbẹ̀, mo ń bá wọn ká ìwé. Bàbá Mufu gé ilé òyìnbó kan, ilé funfun, òdòdó yí i ká, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibo ni wọ́n ti ya àwòrán yẹn? Ọlọ́run ló mọ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Mufu mú ọ̀kan nínú ìwé náà wálé, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú mi. Wọ́n ní ká ta ilé Bàrígà yìí, ká lọ máa gbé ìlú góòlù.

“Ìyá Mufu, wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Ṣé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà yìí la máa gbó sí ni?”

Mo ní, “Bàbá Mufu, ṣebí ẹ̀yin lẹ gé àwòrán yìí.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé iṣẹ́ wá rí i, kò sọ pé kò jọ ọ́.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀. Ilé tí mo fi orí mi ru omi tí wọ́n fi pò sìmẹ́ǹtì rẹ̀! Ẹni tó fẹ́ rà á ti ń wá léraléra, ó ń fi ìka kan ògiri wò bíi pé bàrà ló fẹ́ rà. Mo bẹ̀, bẹ̀, bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn wá láti Abẹ́òkúta, àwọn náà sọ ọ́ títí ó sú wọn. Mo wá ní ó dáa, mi ò jà mọ́, ẹ ṣáà jẹ́ ká fojú wa rí i ká tó gba owó ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà. Wọ́n tilẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù lọ dáńṣíkí wọn.

A dé ibẹ̀. Ìlú ń dàgbà lóòótọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ilé ń hù níbi gbogbo, àwọn tó ń ra góòlù jókòó síwájú ilé pẹ̀lú òṣùwọ̀n kékeré. Òkè wà. Atẹ́gùn tutù. Ṣùgbọ́n odò wọn ti pọ́n bí epo, yàrá kan ṣoṣo níbẹ̀ sì wọ́n ju ti Akọka tó wà nítòsí wa l'Ékòó lọ. Ilẹ̀ tí onísúùtù mú wa lọ wò ńkọ́? Ihò ńlá ló wà láàárín rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wà nínú ihò, wọ́n gbé ṣọ́bìrì dání, wọ́n sì kí wa káàbọ̀ dáadáa.

Bàbá Mufu bi onísúùtù pé ìgbà wo ni wọ́n máa dí i. Ó ní, “Tí góòlù bá ti tán, Bàbá.”

Obìnrin kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pè wá sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ihò náà ti wọ abẹ́ ilé ìdáná rẹ̀. Ó ní tí òun bá ń gún iyán, àwọn tó wà nísàlẹ̀ máa ń kígbe pé kí òun rọra. Ó wá di ọwọ́ mi mú.

“Ìyá Èkó, ṣé èèyàn lè rí ilé rà ní Bàrígà? Wọ́n ní iná kì í lọ níbẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá Mufu ò rẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, ìwé ìléwọ́ yẹn ni wọ́n ń wò. Láti Ìbàdàn dé Ọjọ́ta, òun náà ni. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń rò. Alágídí ni wọ́n, wọ́n lè ní àwọn á dí ihò náà fúnra wọn… A délé, ẹni tó fẹ́ ra ilé ti jókòó sí iwájú ilé, ó ń dúró dè wá. Bàbá Mufu kí i, wọ́n wọlé, wọ́n gbójú sókè wo àjà.

“Ìyá Mufu, bá mi pe káfíńtà lọ́la. Pánù yàrá ẹ̀yìn yìí ti ń jò.”

Ọkùnrin yẹn gbọ́ ọ níta. Ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin tòní ńkọ́? Ẹ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ń ra ilẹ̀ nínú fóònù. Mo ní ẹ lọ wò ó, ẹ ní, “Màmá àgbà, wọ́n ti fi fídíò ránṣẹ́.” Hẹn-ẹn. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ má bi ẹni tó ń tà á, obìnrin tó ń dáná níbẹ̀ ni kí ẹ bi. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́.

Inú ilé yìí náà ni bàbá yín àgbà kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, gbogbo yín yí wọn ká. Káfíńtà yẹn ò sì ṣe pánù náà dáadáa o. Ó ṣì ń jò títí dòní. Ta ló máa bá mi tún un ṣe nínú yín?