Ọ̀rá Tí Mo Ní Ó Ń Jẹrà

Ẹ̀yin oníbàárà mi, ó pẹ́ tí irọ́ yìí ti há mi lọ́fun. Lónìí, n ó bì í síwájú yín. Àbúrò mi kọ́ ló ra ọ̀rá tí mo fi ń di ọṣẹ yẹn. Èmi ni.

Ọṣẹ ni mò ń sè, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń tà á. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rá tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́, mo ra èyí tí wọ́n ya ewé sí lára. Àbúrò mi obìnrin, tó ń bá mi di ọjà, ka ìwé tó bá a wá. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ dúró ná. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó ń fi ooru gidi sọ pàǹtírí di ilẹ̀ nìkan ni èyí ti lè jẹrà. Béèyàn bá rì í mọ́lẹ̀ nílé, ibẹ̀ ló máa wà." Mo ní, "Jíjẹrà náà ni jíjẹrà. Ta ló ń ka ìwé ọ̀rá?" Kì í ṣe àìmọ̀ o. Ẹni tó tà á fún mi ti sọ ohun kan náà. Síbẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́ sójú ìwé ìtajà wa pé, "Ẹ rì í sídìí òdòdó yín, kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti di ilẹ̀."

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà gbà mí gbọ́. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń ri ọ̀rá ọṣẹ mi sídìí ẹ̀fọ́ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé abọ́ kan wá sí yàrá iṣẹ́ wa. Ọ̀rá mi ló kún un. Wọ́n ti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́. Ewé ara rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣá. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n rì. Àbí omi tí mò ń bu sí i ni ò tó?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti yọ òótọ́ lẹ́nu ọmọlúàbí. Àbúrò mi jókòó tì mí, ó ń lẹ téèpù. Mo nàka sí i, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Òun ló lọ ra ayédèrú, mi ò mọ̀." Èyí ò tó mi, mo tún kọ ọ́ síta kí gbogbo yín rí i. Ẹ sì bú u. Mò ń kà á, mo sì ń ta ọṣẹ mi lọ.

Kò jà. Ó ní, "Ó dáa, Àǹtí mi." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́ta rèé. Èmi nìkan ni mò ń sè, tí mò ń gé, tí mò ń dì. Nígbà mìíràn màá ní, "Na téèpù sí mi," kí n tó rántí pé àga ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bẹ màmá tíṣà. Wọ́n gbọ́ mi délẹ̀, wọ́n wá ní, "Àbúrò rẹ wá síbí nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi bá mi hú ìyókù jáde. Kò dárúkọ rẹ rárá."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ òwò, bí wọ́n bá ní ó ń jẹrà, ẹ bi wọ́n: níbo ni? Oṣù mélòó? Ohun tí wọ́n bá sọ gan-an ni kí ẹ kọ. Àbúrò mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Bí o ò bá tiẹ̀ fẹ́ padà wá, jọ̀ọ́, ṣáà gbé fóònù bí mo bá pè ọ́. O ò ní láti sọ nǹkan kan.