Ẹni Tó Kí Mi Nínú Kànga

Ìjọ Ọlọ́run, ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹni tó ń gbọ́ ohùn èèyàn láti abẹ́ ilẹ̀, ìyìn rẹ̀ kò ní tán lẹ́nu mi. Halelúyà!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi kò tíì gbà kí n dúró pẹ́.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Baba Tóyìn tó ń gbẹ́ kànga ní Òsì níbí. Iṣẹ́ kànga, iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnìkan á wà nísàlẹ̀, á máa bu ilẹ̀ sínú korobá. Ẹnìkejì á dúró lókè, á máa fa okùn. Dàpọ̀ ló ń bá mi fa okùn láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́. Bí mo bá ti fẹ́ gòkè, á yọjú lẹ́nu kànga, á ní, "Ọ̀gá, kí n fà?" Èmi á ní, "Fà." Ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ láti àárọ̀ dalẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì tó wa.

Lọ́jọ́ kan, Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mo ti ra ọ̀kadà. Mo fẹ́ dá dúró." Mo gbàdúrà fún un.

Mo wá ẹlòmíràn, n kò rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣáàjì fóònù. Ọmọ aládùúgbò ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù tirẹ̀. Ní ìlú yìí lónìí, bí ẹ bá sọ òkò sọ́jà, ọ̀gá ni yóò bà. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ní bí oníkálukú bá dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ọrọ̀ ajé ìlú á gbérí. N kò bá a jà. Ẹni tó dá dúró kò wojú ẹnikẹ́ni kó tó jẹun. Ohun tí n bá fẹ́ bi í ni pé, bí gbogbo wa bá di ọ̀gá tán, ta ni yóò mú okùn?

Ìyàwó mi wà ní Èkó, ó lọ bá Tóyìn tọ́jú ọmọ tuntun. Ilé dákẹ́. Mò ń dá jẹun, mò ń dá sùn, mo wá ń dá gbẹ́ kànga. Mo so okùn mọ́ igi kajú, mo gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sára ògiri kànga. Màá sọ̀kalẹ̀, màá bu ilẹ̀ kún korobá, màá gòkè, màá fà á, màá dà á nù, màá tún sọ̀kalẹ̀. Ìgbà mìíràn, mo ti délé tán kí n tó rántí pé n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ìyẹn dùn mí ju iṣẹ́ náà lọ.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ ẹnìkan tó ń gbé Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà Ìdó. Kò sí ilé nítòsí. Bí mo ṣe ń gòkè lọ́sàn-án, ihò ẹsẹ̀ kan ya. Mo já lulẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ́ lábẹ́ mi. Mo fẹ́ fi ọwọ́ nìkan gun okùn, amọ̀ ti jẹ́ kó máa yọ̀. Omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Omi tí mò ń wá, òun ló wá ń wá mi. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó dé orúnkún.

Mo pariwo. Mò ń gbọ́ àwọn ọ̀kadà tó ń kọjá lójú títì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi. Mo dá ọ̀kadà Dàpọ̀ mọ̀, nítorí sàléńsà rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó kọjá lọ. Ó kọjá bọ̀. Ìjọ Ọlọ́run, mo sunkún. Kì í ṣe ẹ̀rù ikú nìkan. Ohun tó pa mí lẹ́kún ni pé bí n kò bá délé lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò béèrè mi. Mo ní, "Olúwa, èmi àti ìwọ ló kù."

Ohùn mi ti há pátápátá nígbà tí Ìyá Ọmọ́wùmí ń ti oko bọ̀. Màmá yìí kì í gun ọ̀kadà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ó rí òkìtì ilẹ̀ tutù, ó rí okùn. A kì í sì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i.

"Ẹ kú uṣẹ́ o!"

Mo dáhùn, ohùn kò jáde. Ó tún kí mi. Mo tún dáhùn, pàbó. Ni mo bá gbọ́ tí màmá ń sọ pé, "Ta ni aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí tí mo kí tí kò jẹ́ mi?" Ó fi ìbínú yà kúrò lọ́nà, ó ń bọ̀ wá bá mi wí. Ẹ ò rí Ọlọ́run, ó lè fi ìbínú àgbà gbani là! Orí rẹ̀ yọ lẹ́nu kànga.

"Háà. Ṣé ìwọ nìkan ni? Ẹni tó ń mú okùn ńkọ́?"

Mo mi orí.

Ó lọ gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu rẹ̀ sí àárín títì, ó dúró tì í. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ń kùn. Òmíràn dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, òmíràn tún dé. Láìpẹ́ mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀, mo sì rí ojú kan lókè.

"Ọ̀gá, kí n fà?"

Dàpọ̀ ni. Mo fi okùn di abẹ́ apá mi, mo ń sunkún bí ọmọdé. Ọ̀gá ni gbogbo wọn láyè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jọ di okùn kan mú, wọ́n fà mí jáde. Ọlọ́run, mo dúpẹ́ o!

Ní ọsibítù ńlá Ìdó, dọ́kítà yẹ ẹsẹ̀ mi wò. Ó ní, "Baba, egungun kò ṣẹ́, iṣan ló fà. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ dá rìn. Ta ló wà pẹ̀lú yín?" Dàpọ̀ dáhùn lẹ́yìn mi, ó ní, "Àwa ni." Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àwọn ọlọ́kadà náà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọmú eruku lọ́rùn wọn, Ìyá Ọmọ́wùmí sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kà mí mọ́ "àwa" gbẹ̀yìn.

Dàpọ̀ kò fi ọ̀kadà sílẹ̀, n kò sì ní kó fi í sílẹ̀. Ó kàn sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ kànga, ẹ pè mí. Màá páàkì."

Ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ gan-an. Ìwọ tó wà nínú kòtò tìrẹ láàárọ̀ yìí, tí o rò pé kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ, Ọlọ́run tó rán màmá sí mi kò gbàgbé rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lọ ńkọ́? Bí ẹ bá kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò dáhùn, ẹ bínú sí i bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má lọ. Ẹ yà wò ó.