Afárá Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Ṣe

Èmi ni mo ní kí wọ́n má ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀ sí títì wa. Kì í ṣe ìjọba. Gbogbo àdúgbò ló ń bú ìjọba títí di òní, èmi náà sì ń bá wọn bú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó ṣépè fún mi. Ǹ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n dìde láàárín èrò, kí n sì purọ́ mọ́ òkú.

Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi wá síbí láti Ọ̀fà. Mò ń ta wáyà, súìṣì àti gílóòbù létí títì. Bàbá Táyọ̀ ni wọ́n ń pè mí.

Títì yẹn kéré nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ìlú wá ń fẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó tòmátì láti Yankaba, àwọn tó ń lọ sí Airport Road, àwọn ará Noman's Land, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà. Ìjọba ní àwọn máa fẹ̀ ẹ́, kí àlọ ní tirẹ̀, kí àbọ̀ ní tirẹ̀. Wọ́n ní kí àdúgbò yan ẹnì kan tí á máa bá àwọn jókòó. Èmi ni wọ́n yàn, torí mo gbọ́ Hausa dáadáa, ẹnu mi sì mú.

Màmá Dẹ̀bọ́ ló kọ́kọ́ wá bá mi. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló gbẹ̀bí gbogbo ọmọ mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń fọwọ́ pa orúnkún.

"Bàbá Táyọ̀, tí wọ́n bá fẹ títì yìí tán, eré làwọn ọlọ́kọ̀ á máa sá níbẹ̀ o. Ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n ṣe afárá tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà. Ẹsẹ̀ mi ò lè sáré mọ́."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Màá sọ."

Mo sì sọ ọ́. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Wọ́n gbà, wọ́n yà á sínú àwòrán títì. Ìgbà tí mo rí àwòrán náà ni inú mi yí padà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ni àtẹ̀gùn afárá bọ́ sí. Opó kọnkéré á bò mí, oníbàárà ò ní rí mi mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyàwó mi pàápàá ò gbọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n tún pè mí sípàdé. Ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ náà, ọmọ Hausa kan tó níwà pẹ̀lẹ́, wojú mi.

"Baba, kuɗi bai isa ba."

Owó ò tó. Ó ní nínú gọ́tà, iná ojú títì àti afárá, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró ná. Èwo ni àdúgbò lè ṣe sùúrù fún?

Ẹ jọ̀ọ́, iná ló yẹ kí n ní kí wọ́n dá dúró. Èmi tí mò ń ta gílóòbù mọ̀ pé kálukú lè tan iná síwájú ilé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá afárá kọ́. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ẹ yọ afárá. Àwọn èèyàn wa kì í gùn ún."

Ó tún bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Mo padà délé, mo sọ fún àdúgbò pé mo bẹ̀ wọ́n títí, ìjọba ló kọ̀. Màmá Dẹ̀bọ́ dì mí lọ́wọ́ mú. "Ẹ ti gbìyànjú. Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Mo ṣe àmín.

Wọ́n ṣe títì náà tán, ó ń dán. Ọjà mi ń tà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń wọn wáyà fún oníbàárà, mo rí Màmá Dẹ̀bọ́ ní òdìkejì. Ó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí mi, ó juwọ́. Èmi náà juwọ́ sí i. Ó wá bọ́ sójú títì. Ó dé àárín, orúnkún yẹn dá a dúró. Ọkọ̀ tòmátì ló gbá a pa.

Mo wà lára àwọn tó gbé e. Ibi tí a tẹ́ ẹ sí nígbà tí à ń wá ọkọ̀, ibi tí àtẹ̀gùn ìbá wà ni.

Àwọn ọ̀dọ́ lọ fọ́ mọ́tò ẹnjiníà yẹn. Ìjọba gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dákẹ́.

Mo ti yí àga mi padà, ògiri ni mò ń kọjú sí báyìí. Síbẹ̀ mò ń rí ọwọ́ tó ń jù. Ohun tí kì í jẹ́ kí n sinmi ni pé mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ tí mo jù sí i ló jẹ́ kó rò pé mo ní kó máa bọ̀.

Ìjọba ti tún dé, wọ́n fẹ́ ṣe apá tó kù nínú iṣẹ́ títì náà. Fúnkẹ́, ọmọ Màmá Dẹ̀bọ́, ti kó àwọn ìyá jọ láti béèrè afárá nípàdé ọjọ́ Sátidé. Kánò ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi Hausa kí mi.

"Daddy, ina wuni. Sátidé, na you go talk first o. Ẹ sọ fún wọn pé mummy mi bẹ̀ wọ́n, government ló kọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ jà fún wa."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò lè wojú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ òtítọ́ nípàdé, ìjọba lè sọ pé àwa fúnra wa la kọ afárá, kí wọ́n tún fi dù wá, kí ọkọ̀ tún pa ẹlòmíì. Tí mo bá purọ́, ó ṣeé ṣe kí afárá dé, kí Fúnkẹ́ sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ayé. Mi ò lè gba ọpẹ́ yẹn. Mi ò sì mọ bí màá ṣe kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ ti pa ìyá yín rí ni mò ń bi jù. Ká ní ẹ̀yin ni Fúnkẹ́, ṣé nílé yín lẹ máa fẹ́ kí n ti wá kúnlẹ̀, àbí níwájú gbogbo èèyàn?