Ìkòkò Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ẹrù Abiyamọ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè gbé mọ́. Mo purọ́ fún ilé ọkọ mi nígbà tí a bí ọmọ kan, irọ́ náà sì ti fẹ́ sọ ẹnìkan di ẹlẹ́wọ̀n báyìí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Muṣin ni ilé wa wà, ní Pápá Àjàó. Káfíńtà ni ọkọ mi, káfíńtà náà ni àbúrò rẹ̀ tí a jọ ń gbé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì ti wá. Èmi ni ìyàwó àgbà nínú ilé. Nítorí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, Dúdúyẹmí ni mo sọ àbúrò ọkọ mi láti ìgbà tí mo ti wọlé. Èmi nìkan ni mò ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn.

Sìkírátù ni orúkọ ìyàwó Dúdúyẹmí. Ó bí àkọ́bí rẹ̀ sílé, ọmọ náà kò dúró. Ó bí òmíràn, ìyẹn náà lọ. Nígbà tí ó tún lóyún, ọkọ mi ní kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Yábàá. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bá a lọ, nítorí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí, mo sì gbọ́ èdè òyìnbó díẹ̀. Díẹ̀ náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó pọ̀.

Nọ́ọ̀sì sọ ohun tí a máa kó wá fún wa. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ó ní ta ni a fẹ́ ra aṣọ sílẹ̀ fún nígbà tí a kò tíì rí ojú rẹ̀. Ó ní a ti ṣe irú ẹ̀ rí, a sì rí ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ilé ìwòsàn kì í ṣe ilé wa o. Ẹni tó bá dé bẹ̀ lọ́wọ́ òfo, wọ́n á bú u débi pé á gbàgbé ìrọbí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbà. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun máa fi sí ẹrù náà, kí a má sì bá òun jiyàn. Ó lọ mú ìkòkò amọ̀ kékeré kan jáde, tòun ti ọmọrí rẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n mọ ọ́n wá fún òun. Inú rẹ̀ ni a máa gbé olóbì, ìyẹn ibi tó ń tẹ̀lé ọmọ, sí wálé, kí a lè sin ín sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ó gbà pé bí olóbì bá ti wà nínú ilẹ̀ ilé, ọmọ náà kò ní ronú àtilọ.

Mo ní a ti gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dì í, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Mo fẹ́ràn kí n máa to nǹkan. Mo fọ àwọn aṣọ àlòkù, mo sá wọn, mo lọ̀ wọ́n, mo ká wọn síra. Mo fi nápúkìn lé e, mo fi fìlà òwú lé e, àti ìbọ̀sẹ̀ kékeré tí mo fọwọ́ ara mi hun. Mo kó ọṣẹ, kàn-ìn-kàn-ìn, pàúdà, òwú àti òjá sí i. Mo wá kó ohun tí nọ́ọ̀sì kò béèrè: ife tánganran tèmi, agolo mílíìkì, àti fúláàsì olódòdó tí ọkọ mi rà fún mi. Mo fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ará ìlú ni wá.

Báàgì kò pa dé. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò pa dé. Àfi kí fúláàsì kúrò tàbí kí ìkòkò kúrò. Mo rò ó bí yóò ṣe rí tí mo bá tú ẹrù níwájú àwọn nọ́ọ̀sì aláṣọ funfun, tí ìkòkò Ògbómọ̀ṣọ́ yọjú láàrin aṣọ ọmọ. Ojú tì mí kí ó tó ṣẹlẹ̀. Mo yọ ìkòkò náà, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kò tíì tó, màá wá ibi fún un kó tó di ìgbà yẹn. Mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Ìrọbí mú Sìkírátù ní ọ̀sán kan tí àwọn ọkùnrin wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé báàgì, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a wọ bọ̀lẹ̀kájà lọ sí Yábàá. Gbogbo ọ̀nà ló ń bi mí pé, "Ìyálé mi, ṣé ohun gbogbo wà níbẹ̀?" Mo ń dá a lóhùn pé ohun gbogbo wà níbẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ọlọ́run yọ ọ́. Ó bí ọkùnrin. Mo gbọ́ igbe ọmọ láti ìta, mo sì bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì jáde, ó kí mi, ó tún ní, "Màmá, ẹ gbé ohun tí ẹ máa fi gba olóbì wá, tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ."

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìkòkò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sísítà, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ díẹ̀, mò ń bọ̀."

Ó ní, "Ẹ tètè o. Tí àwọn tó ń kó o bá dé, a kì í dá a dúró."

Mo sáré lọ sí ọjà Yábàá láti ra abọ́ tó ní ọmọrí. Aṣọ ń já lára mi. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti kó o, wọ́n ti jó o pẹ̀lú tàwọn yòókù. N kò dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi, ó ti sọ fún mi. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ òfìfo lọ́wọ́. Nínú wọ́ọ̀dù, fúláàsì olódòdó mi wà lórí tábìlì, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín.

Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, wọn ì bá bínú, inú wọn ì bá sì rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ro ti Ìyá Àgbà, mo ro ti àwọn ọmọ méjì tó ti lọ. Mo ro bí wọ́n á ṣe sọ pé èmi ni mo pa á tí èyí náà bá lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo wọkọ̀ padà sí Muṣin. Mo yà sí ọ̀dọ̀ alápatà. Mo ra ẹ̀dọ̀ màlúù pẹ̀lú ọ̀rá díẹ̀. Alápatà ní, "Ìyàwó, ọbẹ̀ ìkómọ lẹ fẹ́ sè ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì rẹ́rìn-ín fún un. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo fa ìkòkò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi aṣọ funfun wé ẹran náà, mo gbé e sínú ìkòkò, mo dé e, mo fi okùn dè é pinpin. Mo wá gbé e jáde, mo kígbe pé, "Ẹ bá wa yọ̀ o! Sìkírátù ti bímọ!"

Dúdúyẹmí ló gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ó ń gbẹ́ ẹ, ó ń sunkún, kò tilẹ̀ bò ó. Ìyá Àgbà gbé ìkòkò sínú ilẹ̀, ó ń ṣàdúà. Wọ́n gbin àgbọn sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà yí sí mi, ó sì kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ fún mi, èmi ìyàwó ilé, ó ní mo ti bá òun gbé ọmọ òun délé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nítorí n kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Gàníyù ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da omi ìwẹ̀ rẹ̀ sí. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, Ìyá Àgbà á bu erùpẹ̀ ìdí àgbọn, á fi ra á láyà, ara ọmọ á sì balẹ̀. Èmi á dúró sí ẹnu ọ̀nà, màá máa wò wọ́n. N kò sọ fún ọkọ mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó burú jù ni pé mo di olókìkí. Àwọn aboyún àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi pé kí n bá àwọn di ẹrù, pé ọwọ́ mi dára. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́rù. Mo ń dì í fún wọn o. Ìkòkò ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé sínú báàgì, tí kò bá sì pa dé, nǹkan mìíràn ni mo ń yọ.

Mo lè dákẹ́ títí tí màá fi kú. Ṣùgbọ́n ìjọba fẹ́ la ọ̀nà gba àdúgbò wa. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí ara ògiri wa, wọ́n sì ti fún wa ní ilẹ̀ mìíràn lápá Ṣùúrùlérè. Àwọn aládùúgbò wa ti kó lọ. Dúdúyẹmí kọ̀. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún òun, olóbì rẹ̀ wà lábẹ́ igi yìí, katapílà tó bá fẹ́ hú u yóò gba orí òun kọjá. Nígbà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé, ó fa àdá yọ sí wọn. Ọlọ́pàá mú un, ọkọ mi ló lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Wọ́n ní tó bá tún ṣe é, ẹ̀wọ̀n ni. Katapílà ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Dúdúyẹmí ti pọ́n àdá náà, ó ń gbé e kiri dé ṣọ́ọ̀bù. Sìkírátù ń sunkún lójoojúmọ́, ó ń bẹ̀ mí pé, "Ìyálé mi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ló máa ń gbọ́ tiyín."

Ẹ̀dọ̀ màlúù ni ọkùnrin yìí fẹ́ tìtorí ẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Tàbí kí ó ṣá ọmọ ọlọ́mọ ládàá. Ẹ jọ̀ọ́, irú èèyàn wo ni màá jẹ́ tí mo bá dákẹ́?

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Ẹ máa ní tí mo bá sọ fún un, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́ lórí ọmọ náà, ẹ̀fọ́rí lásán á máa lé e dìde. Mo ti rò ó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n Gàníyù ti ń lọ sí ilé kéú, ó ń gun igi àgbọn yẹn gan-an, Ìyá Àgbà ń pariwo lé e lórí. Kò sí olóbì kankan nínú ilẹ̀ yẹn, ọmọ náà sì wà láàyè. Ọlọ́run ló dá a sí, ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ. Ohun tí màá sọ fún Dúdúyẹmí nìyẹn, lẹ́yìn tó bá ti bú mi tán.

Torí náà n kò béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kí n sọ ọ́. Mo ti pinnu. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí lẹ́tà yìí máa jáde, tí wọ́n bá ti mọ́sálásí dé, màá kúnlẹ̀ níwájú òun, Sìkírátù àti Ìyá Àgbà. Tí wọ́n bá ní kí n hú ilẹ̀ náà fúnra mi kí wọ́n lè rí i, màá hú u. Ohun tí mò ń béèrè ni bí a ṣe ń bẹ ìyá arúgbó tó ti kúnlẹ̀ fún èèyàn rí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó kọ̀wé sí mi, ẹ jọ̀ọ́, nítorí ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ kan kò ní tó.

Mo mọ ara mi, ẹnu mi lè wúwo tó bá di Jímọ̀ náà. Ìdí tí mo fi kọ Dúdúyẹmí síbí nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òun àti ọkọ mi máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sókè, Dúdúyẹmí náà á sì pa ayùn tì láti gbọ́. Tí ó bá gbọ́ orúkọ yẹn, yóò mọ̀ pé èmi ni. N kò ní ibi tí mo lè sá gbà mọ́.

Télọ̀, ẹ kú ìwé kíkà. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá dé ibi tí ẹ dé yìí, ẹ gbójú sókè kí ẹ wo ojú rẹ̀. Tí kò bá yà á lẹ́nu, a jẹ́ pé mo ti sọ fún un. Tí ó bá yà á lẹ́nu, ẹ bá mi gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó máa bọ̀ nílé. Màá wà ní ìdí àgbọn.