Àmì Tí Mo Fojú Fò Lórí Máàpù Òkun

Ẹ̀yin ará, mo kí yín, okun o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú yìí, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo tún padà jókòó. Ẹ mọ̀ mí. Èmi lẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ ti gbààwẹ̀ fún mi, ẹ ti fi òróró pa á, ẹ ti gbàdúrà títí ohùn Pásítọ̀ fi há. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò sọ òtítọ́ fún yín.

Iṣẹ́ jiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, ni mo ṣe ní iléeṣẹ́ epo kan létí òkun. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, kò le. Gbogbo wa là ń rí yanrìn tí odò Ọya àti Benue ń kó kọjá níbi tí wọ́n ti pàdé níhìn-ín. Wọ́n ní Áfíríkà àti ilẹ̀ Brazil lẹ̀ mọ́ra nígbà kan rí. Nígbà tí wọ́n ya, òkun wọ àárín wọn, ojú ibi tó ya tí kò ya tán ni Benue ń gbà wá. Pásítọ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mi ò bá Jẹ́nẹ́sísì jà o! Láti ìgbà náà ni odò ti ń da yanrìn àti ẹrẹ̀ sínú òkun. Yanrìn gorí ẹrẹ̀, ó wúwo, ẹrẹ̀ yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ sì sán bí ògiri tí wọ́n kọ́ sórí àbàtà. Ojú sísán yẹn ni epo àti gáàsì ń gbà gòkè, títí wọ́n á fi kan ẹrẹ̀ líle tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn gáàsì á gòkè jù, á wá sá pamọ́ síbi tí kò jìn rárá. Ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ kàn án láìmọ̀, ikú ló gbẹ́ kàn.

Iṣẹ́ mi ni láti rí i kí wọ́n tó gbẹ́. Ọkọ̀ ojú omi á rán ìró sínú ilẹ̀, ìró náà á padà wá di ìlà lórí bébà gígùn, èmi á wá fi pẹ́ńsù aláwọ̀ kùn ún di máàpù. Lọ́jọ́ kan, mo rí ibì kan tó dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, lókè pátápátá. Mo mọ ohun tó lè jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbẹ́ kànga kan nítòsí ibẹ̀ láìsí wàhálà, ọ̀gá mi sì ń kánjú gba máàpù náà. Mo sọ fún ara mi pé yíǹkì ló dà sí i. Mi ò kùn ún, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Sámúẹ́lì wà lórí ẹ̀rọ tó lọ gbẹ́ ibẹ̀. Ọmọ Òwórò bíi tèmi ni, a jọ lọ sílé ìwé ni, èmi gan-an ni mo bá a wá iṣẹ́ náà. Gáàsì tú jáde, iná sọ. Wọ́n kó àwọn yòókù bọ̀, wọn ò rí Sámúẹ́lì. Títí dòní, kò sí sàréè tí ìyá rẹ̀ lè lọ dúró tì. Iléeṣẹ́ ní jàǹbá ni. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Há, Jésù! Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọwọ́ tí mo fi ń di pẹ́ńsù mú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo wálé; abẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara ni ìlú wa yìí ṣì wà nígbà náà. Ta ló ń tọ́jú mi? Màmá Sámúẹ́lì ni. Láti àdúgbò Natako ló ń fẹsẹ̀ rìn wá, á fi síbí bọ́ mi ní ẹ̀kọ, á ní níwọ̀n bí òun ò ti rí ọmọ òun tọ́jú, kí òun tọ́jú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn aríran wá ríran níbí pé ìyá àgbà kan ló di ọwọ́ mi, gbogbo yín yíjú sí Màmá. Wọ́n ní ó ti jẹ ọmọ tirẹ̀ tán, ó ku tẹlòmíràn. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, pé kó má gbá ilé Ọlọ́run mọ́. Èmi jókòó, mò ń gbọ́, mo sì ń ṣe àmín. Ẹ̀yin ará, èyí ló dùn mí jù. Ti máàpù, mo lè ní àṣìṣe ni. Èyí, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá yìí, mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ àfi orúkọ Màmá. Mo dìde, mo gba Natako lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń yan ẹ̀pà lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá Sámúẹ́lì mọ̀ nípa àmì náà. Mo ní kò mọ̀. Ó ní, "Ó dáa. Á jẹ́ pé kò bẹ̀rù lọ síbẹ̀." Ó wá sunkún títí ẹ̀pà fi jóná. Nígbà tó nu ojú, ó ní, "Èmi ti gbọ́. Àwọn tó o bá ṣe àmín, lọ sọ fún wọn."

Ìdáǹdè mi rèé. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, ẹ̀ ń rí bí máìkì yìí ṣe ń jó lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ohun tó dì sí mi láyà ti tú. Kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀. Èmi ni. Ògo ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n kú sínú irọ́. Màmá wá lónìí. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, òun nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi yọ̀, kó má tíì pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni mò ń lọ jókòó báyìí. Ààyè ṣì pọ̀ níbẹ̀.